Ẹni Tí Iná Alogena Mi Fi Hàn Mí Lọ́nà Moncalieri

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi níṣẹ́ ní Turin, ní Ítálì níbí, tó sì ń ṣọ́ mi lójú ọ̀nà. Ọmọ ìjọ ni mí, n kò ní fi orúkọ Jésù purọ́. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Kí Délé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa, tó ra mọ́tò, èmi ni mo máa ń gbé Màmá Àgbà, ìyá àgbà ìjọ wa, padà sí Moncalieri, ìlú kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ Turin, lẹ́yìn ìsìn. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Títí a ó fi délé ni wọ́n máa ń gbàdúrà lé mi lórí. Ẹ gbà mí gbọ́, àdúrà yẹn ni mo fi ń ṣiṣẹ́, tí mo fi ń jẹun.

Délé wá gbé mọ́tò àlòkù dé, iná iwájú rẹ̀ jẹ́ LED, funfun báláú. A ta òróró sí i, ìjọ pàtẹ́wọ́, Màmá sì wọ inú rẹ̀. Iná alogena, ìyẹn halogen àtijọ́, ni tèmi, pupa rúsúrúsú bí àtùpà elépo. Ó ta mí lára gan-an ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ Àìkú kan nígbà òtútù, kùrukùru bo ọ̀nà. Mọ́tò Délé ló wà níwájú, Màmá jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn, àwọn méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Èmi àti ìyàwó mi ń tẹ̀ lé wọn, torí Moncalieri náà là ń gbé.

LED rẹ̀ kàn ń lu kùrukùru ni, ó ń ta padà sí i lójú. Inú mi dùn díẹ̀. Iná tèmi ń wọ inú kùrukùru jẹ́jẹ́ ní tirẹ̀. Bí mo ṣe sún mọ́ wọn, ó wọ gíláàsì ẹ̀yìn mọ́tò wọn.

Orí mẹ́ta ni mo rí.

Ẹnì kan jókòó ti Màmá, ó gbórí lé wọn léjìká.

Mọ́tò oníná xenon kan fẹ́ yà mí sílẹ̀. Iná rẹ̀ tó fẹ́ dà bí búlúù wọ inú mọ́tò Délé: orí méjì. Ó kọjá lọ, ó ku iná tèmi: orí mẹ́ta. Ẹni yẹn sì yíjú padà, ó ń wò mí.

"Ṣé o rí i?" Mo sọ ọ́ sí ìyàwó mi létí.

Ó ti fọwọ́ bojú. "Bàbá Tóbi, ẹ dákẹ́. Wọ́n á ní mọ́tò ọmọ yẹn ló ń dùn yín."

Mo pe Délé lórí fóònù. Ẹ̀rín ló bú sí. "Iná yín ló ń kú lọ, bọ̀dá mi. Ẹ ra LED!"

Lẹ́nu ọ̀nà Màmá, wọ́n rọra fà mí mọ́ra. "Ọmọ mi, ìyàwó Délé yìí, kí ló dé tí kì í dá mi lóhùn? Ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń tutù."

Délé kò tíì gbéyàwó.

Mo sọ fún pásítọ̀. Ó ní kí n gbàwẹ̀ nítorí owú. Mo ń jowú, n kò sẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, iná mi tún wọ gíláàsì yẹn. Màmá gbé ọwọ́ lé orí ẹni náà, ẹnu wọn ń mì. Àdúrà tí wọ́n máa ń gbà lé mi lórí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń gbà fún un.

Ẹ̀yin tó fẹ́ ra mọ́tò àlòkù, ẹ má wo ẹ́ńjìnnì nìkan. Ẹ béèrè ẹni tó ń jókòó lẹ́yìn.

Kí Olúwa mú gbogbo ẹ̀yin tó ka èyí délé láyọ̀. Iye tí ẹ bá jáde, kí iye náà wọlé.