Èéfín Abẹ́ Ilé Pákó

Ó ti pé ọdún méjìlélógún tí Kúlúsúmù, opó ará Ìsẹ́yìn tó ń gbé ní àdúgbò Nkololoun lẹ́yìn ààlà Nàìjíríà, ti ń tọ́jú ilé pákó tí oníṣòwò ará Jámánì kan kọ́ fún aya àti ọmọ rẹ̀ láyé àtijọ́, létí odò Wouri. Ó mọ pákó tó máa ń ké lábẹ́ ẹsẹ̀, ó mọ fèrèsé tó máa ń ya alágídí lásìkò òjò. Nígbà tí wọ́n ní ilé náà yóò di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, inú rẹ̀ dùn bí ìyá ìyàwó.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn Bakassi, ilẹ̀ tí ìjọba ibẹ̀ àti Nàìjíríà ń jà sí, ti gbóná nígbà yẹn. Stéphane, ọlọ́dẹ tuntun, kì í kí i. Ó ní ará Nàìjíríà kò yẹ lẹ́ni tí ń wọ ilé ìjọba.

Ní Jímọ̀ kan, Stéphane rí èéfín lábẹ́ ilé náà, tí wọ́n kọ́ sórí òpó. Ó figbe ta pé ará Nàìjíríà ti ń dáná sun ilé. Kí Kúlúsúmù tó rá jáde lábẹ́ ilé, ọlọ́pàá méjì tó gbọ́ igbe ti dì í mú. Ká sọ òótọ́, ẹ̀rù bà á gidigidi: wọ́n lè lé e kúrò nílùú, kò sì ní ilé mìíràn.

Sandra, ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, bi í léèrè ohun tó ń ṣe.

“Ọ̀gá, ṣé ẹ ti rí ikán lórí àjà ilé ìdáná rí?”

Kúlúsúmù ṣàlàyé pé èèpo ọsàn gbígbẹ nínú àpáàdì lòun fi ń fín ilé kí ikán má jẹ ẹ́, òun á fi eérú bo èèpo náà kó má baà gbiná, bí ìyá òun ti ń ṣe. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹni tó ń gbálẹ̀, ṣé ó máa ń lu agogo ni?

Sandra mú ọ̀bẹ, ó rá wọ abẹ́ ilé, ó ń gún òpó kọ̀ọ̀kan. Ọ̀bẹ kò wọlé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilé pákó mìíràn tó wà nítòsí, ikán ti jẹ ẹ́ dé òrùlé. Ó jáde, ó ń sín, ó ní kí ọlọ́pàá máa lọ. Ó wá kọjú sí Stéphane, ó ní láti Jímọ̀ tó ń bọ̀, ọlọ́dẹ náà ni yóò máa bá Mama fín ilé.

Ọjọ́ pé, Stéphane dé, kò lè wojú ìyá. Ó ní, “Mama, ẹ má bínú.” Inú Kúlúsúmù rọ̀, ó sì ṣíwájú rẹ̀ rá wọ abẹ́ ilé.

“Tẹríba dáadáa, ọmọ mi. Pákó yìí kì í béèrè ìlú ẹni kó tó gbá èèyàn lórí.”