Ẹ̀rín Tó Wà Lápá Òsì

Ẹ má bi mí pé ta ló kọ́ mi ní fọ́tò yíyà. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ti òkè òkun dé, tó ju kámẹ́rà àlòkù kan sí mi lọ́wọ́ pé kí n máa fi ṣeré, mo sì ń fi ṣeré lóòótọ́. Tíṣà ni mí nígbà náà, níbí ní Ìwó. Bí a bá ti jáde níṣẹ́, màá gbé e kọ́ ọrùn, màá ya ewúrẹ́, màá ya òrùlé, màá ya ìyá arúgbó tó ń yan ẹ̀pà ní ìyànà wa títí á fi lé mi. Ọkọ mi ní orí mi ti dàrú. Mo ní kó fi orí sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Nígbà tó wá di pé owó oṣù ń dé ìgbà tó bá wù ú, tí àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi ń ta gàrí, èmi gbé aṣọ búlúù kan kọ́ sára ògiri pálọ̀, mo gbé àga síwájú rẹ̀, mo ní iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Fọ́tò ìdílé ni mò ń yà. Bàbá á jókòó, ìyá á jókòó, àwọn ọmọ á tò sẹ́yìn. Àwọn ará Kuta ń wá, àwọn ará Olúpọ̀nnà ń gun ọ̀kadà wá pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n ti lọ̀ láti àná, eruku á sì ti kó bò ó kí wọ́n tó dé. Inú balùwẹ̀ mi ni mo ti ń fọ fọ́tò, màá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dí fèrèsé pa.

Ọ̀sán Sátidé kan ni Ìyá Ìbejì wọlé. Aṣọ ló ń tà lọ́jà, oníbàárà rẹ̀ ni mí. Ọmọbìnrin kan tó tó ọmọ ọdún méje ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó jìnnà sí i díẹ̀.

"Àǹtí Tíṣà, mo fẹ́ kí ẹ bá mi ya àwọn ìbejì mi."

Mo wo ẹ̀yìn ọmọ náà bóyá màá rí ìkejì. Kí n tó bèèrè, ó ní, "Kẹ́hìndé ti lọ sọ́jà."

Orí mi wú. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ ohun tó wí. A kì í fẹnu wa sọ pé ìbejì kú. Ibà ló mú àwọn méjèèjì, Táyé dìde, èkejì ò dìde. Fọ́tò Kẹ́hìndé kò sí nílẹ̀, ẹyọ kan péré kò sí. Ìyá wọn ní ọ̀la lòun ń sọ, ọ̀la, ọ̀la, títí tí kò fi sí ọ̀la mọ́. Láti ìgbà náà, Táyé kì í jẹun, kì í sọ̀rọ̀. Àwọn ará ilé ní bí wọn ò bá tètè so àwọn méjèèjì pọ̀, èyí tó lọ á pe èyí tó kù. Láyé àtijọ́, wọn ì bá gbẹ́ ère. Mùsùlùmí ni wọ́n, ère ò lè wọlé wọn. Fọ́tò ló kù.

"Ẹ ṣàánú mi," ó ní. "Ẹ má jẹ́ kí eléyìí náà lọ."

Gbogbo ayàwòrán ilẹ̀ wa ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹni tó wà láàyè ni wàá yà lẹ́ẹ̀mejì, wàá pa á pọ̀, á di ènìyàn méjì. Èmi gbé kámẹ́rà lé orí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, mo fi páálí dúdú bo ìlàjì ojú rẹ̀. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, apá kan fíìmù ló máa gba àwòrán. Mi ò ní yí fíìmù náà, màá bo apá kejì, màá tún un tẹ̀.

Mo gbé àga méjì sílẹ̀, Táyé jókòó lórí tapá ọ̀tún. Mo ní kó rẹ́rìn-ín. Ó wò mí bí ẹni ń wo ògiri. Mo ṣe bí ọ̀bọ, mo ké bí ẹyẹ, mo yọ ahọ́n síta, èmi àgbàlagbà! Rárá o. Mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ̀ wá yọ ẹ̀wù Kẹ́hìndé nínú báàgì. Aṣọ kan náà ni, bí a ṣe ń rán an fún ìbejì, àfi pé bọ́tìnnì ọrùn tiẹ̀ ti já. Ó gbé e sí imú kó tó nà án sí ọmọ. Ó ní òun ò lè wò ó, ó bá bọ́ sí ìta.

Ọmọ náà wọ ẹ̀wù, ó gun àga apá òsì. Mo ṣì ń tún páálí ṣe nígbà tí mo gbọ́ ẹ̀rín. Mo gbójú sókè. Háà! Ọmọ tó wà níwájú mi yìí, mi ò rí i rí. Ó gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, gbogbo eyín rẹ̀ wà níta, ó ń mi ẹsẹ̀ lórí àga. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ìyá rẹ̀ gbọ́ ẹ̀rín náà níta. Ó sáré wọlé, ó dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà.

"Kẹ́hìndé!"

Ọmọ náà dáhùn. Ó ní, "Mà!"

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ta, àwọn ènìyàn ń kọjá lójú títì, síbẹ̀ mo di ògiri mú. Nígbà tí mo ní kí ọmọ náà bọ́ ẹ̀wù, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn ẹ̀wù náà mú. "Ẹ jẹ́ n wọ̀ ọ́ délé." Ìyá rẹ̀ ò bá a jà. Ó tẹ̀ba, ó pọ̀n ọ́n. Ọmọ ọdún méje! Bí wọ́n ṣe jáde nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí mo fọ fọ́tò náà, ojú ẹni apá òsì ló kọ́kọ́ yọ nínú omi, ó ń wò mí nígbà tí apá ọ̀tún ṣì funfun. Mo mọ ìdí rẹ̀. Apá òsì ló jìnnà sí fèrèsé, ibi tó bá ṣókùnkùn ló máa ń tètè yọ. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, síbẹ̀ mo ṣí ilẹ̀kùn, mo sá jáde, ìmọ́lẹ̀ bá wọlé, ó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mo ní láti tẹ òmíràn.

Ìyá Ìbejì gbà á, ó ṣàdúrà fún mi bí ẹni tí mo jí òkú fún. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ó tún padà wá pẹ̀lú Táyé.

"Ẹ bá mi gé tọ̀tún yìí kúrò. Èyí tó ń rẹ́rìn-ín ni kí ẹ fẹ̀ fún mi, kó tóbi dáadáa. Kẹ́hìndé mi nìkan ni mo fẹ́ gbé kọ́ pálọ̀."

Mo wo ọmọ náà. Ẹ̀wù tí kò ní bọ́tìnnì yẹn ló ṣì wọ̀, ó ti ń ṣá. Ọrùn rẹ̀ ti tín-ín-rín sí i. Inú bí mi, ó bí mi gan-an.

"Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú o. Ta ni mo yà?"

Ó fìka tọ́ ẹni apá òsì.

"Fọ́tò Kẹ́hìndé ò sí láyé yìí. Táyé ni mo yà lápá ọ̀tún. Táyé ni mo yà lápá òsì. Ṣé kí n wá gé Táyé kúrò lára Táyé ni?"

Ó wo fọ́tò, ó wo ọmọ. "Táyé mi kì í rẹ́rìn-ín báyìí."

"Òun ló rín in. Ojú mi ló ṣe."

Ó bá kúnlẹ̀ síwájú ọmọ náà. "Rín in kí n rí i."

Ọmọ náà gbìyànjú. Ètè rẹ̀ gbéra, ó tún padà.

"Kì í ṣe tèmi, màámi," ó ní. "Tiẹ̀ ni. Mo kàn bá yín mú un wá ni."

Ìyá náà fi ìborùn nu ojú, ó rọra bọ́ ẹ̀wù yẹn lọ́rùn ọmọ, ó fi ìborùn náà wé e láyà, ó gbé e jókòó.

"Àǹtí Tíṣà, ẹ bá mi ya eléyìí."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni?"

"Ẹ̀ẹ̀kan."

Mo gbé àga kejì kúrò. Táyé jókòó, ó fajú ro, ó ń wo ilẹ̀, mi ò sì ní kó rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ ò bọ́ sí ìta lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀gbẹ́ mi ló dúró sí.

"Táyé."

Ọmọ náà ò dáhùn.

"Táyé. Wo ibí. Ìwọ ni mò ń wò."

Ó pẹ́ kó tó gbójú sókè. Mo dúró dè é.