Bí Gàmbàrí Ṣe Gbàdúà fún Ọmọ Tó Ń Gbá Gọ́ọ̀fù

Ọjọ́ Àlàrùbá kan ni ọ̀gá mi nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn rán mi lọ sí àdúgbò Gàmbàrí. Ọmọ àdúgbò náà kan, tó ń fi gọ́ọ̀fù gbígbá jẹun nílùú òyìnbó, ti wálé, ó sì ń padà lọ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìbéèrè mẹ́wàá ni mo kọ dání. Mi ò rí ẹyọ kan bi.

Nígbà tí mo wọlé, bàbá rẹ̀, ààfáà àgbà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú, ti ń bá a wí lọ́wọ́.

"O ò lọ síbì kankan mọ́. Àyè iṣẹ́ wà ní sẹkitéríàtì. Wàá jókòó sábẹ́ fáànù bí ọmọ èèyàn."

Ọmọ náà ga bí òpó iná, ṣùgbọ́n orí ẹní ló dọ̀bálẹ̀ sí. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò lè lọ láìsí àdúà yín."

Bàbá rí mi, ó fi mí ṣe adájọ́. "Oníwèé ìròyìn, gbọ́ o. Lọ́dún tó kọ́kọ́ lọ, tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù tán, á pè wá lórí fóònù. Á ní òun ní mọ́kànlélọ́gọ́rin. Á ní òun ní mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún! Gbogbo ilé á hó yèè. A pa àgbò! Ní báyìí ńkọ́? Àádọ́rin. Mẹ́tàdínláàádọ́rin. Ẹni tó ń já wálẹ̀ báyìí, ṣé ká máa wò ó títí yóò fi kan òdo ni?"

Mo wo ọmọ náà. Ó tẹjú mọ́ ẹní. Ìwọ̀nba tí mo mọ̀ nípa gọ́ọ̀fù tó fún mi láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo rọra bi í pé, "O ò sọ fún wọn?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo pè láti sọ pé mo fìdí rẹmi. Kí n tó la ẹnu, mò ń gbọ́ ìhó ayọ̀, mò ń gbọ́ igbe àgbò. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?"

"Sọ ọ́ báyìí."

Ó sọ ọ́. "Bàbá, iye ìgbà tí mo gbá bọ́ọ̀lù kó tó wọ ihò ni wọ́n ń kà. Ẹni tí tiẹ̀ bá kéré jù ló ń borí."

Ìyá rẹ̀ yọjú láti yàrá. "Àgbò wa ńkọ́?"

"Ìfìdírẹmi mi lẹ fi ṣe sààráà fún, Ìyá."

Mo rò pé bàbá yóò bínú. Ńṣe ló pàtẹ́wọ́. "Púpọ̀ la tọrọ, púpọ̀ l'Ọlọ́hun fún un! Àdúà wa gbà!"

Ìyá ní, "Abájọ. Ìgbà tí orúnkún ń dùn yín, tẹ́ ẹ ò pe àwọn ààfáà jọ ṣàdúà mọ́, ni nǹkan rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dáa."

Bàbá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ránṣẹ́ pe ààfáà mẹ́ta ládùúgbò, ó sì tẹ́wọ́ àdúà. "Ọlọ́hun, dín ti ọmọ wa kù."

Kò sẹ́ni tó ṣe àámín. Ẹnì kan wúkọ́. Èyí tó dàgbà jù sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Mi ò ṣe àámín sí àdínkù rí láyé mi. Kí málàíkà má lọ kọ ọ́ sí orúkọ tèmi."

Ọmọ náà ń wo ẹnu wọn bí aláìsàn tó ń wo dókítà. Bí kò bá sí àámín, kò sí ìrìn àjò.

Bàbá fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀ títí. "Ó dáa. Ọlọ́hun, gbogbo àwọn tó ń bá ọmọ wa gbá a, fún wọn ní púpọ̀!"

"Àámín!"

"Fún wọn ní àpọ̀jù!"

"Àámín!" Èmi náà ṣe é.

Ààfáà tó dàgbà jù náà fọwọ́ pa ojú. "Èyí dáa. Oore la tọrọ fún òyìnbó. A ò ṣe ẹnikẹ́ni níbi."

Ọmọ náà lọ lọ́jọ́ Jímọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo tún gbé ìbéèrè mẹ́wàá mi lọ síbẹ̀ pé ká jọ pè é. Òun ló kọ́kọ́ pè. "Bàbá, méjìdínláàádọ́rin!"

"Ìyẹn ò kàn mí. Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Ẹni tó tẹ̀ lé mi ní méjìléláàádọ́rin."

"Ó ti ń dé ọ̀dọ̀ wọn!" Bàbá yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ẹ fa àgbò wá."

Ìyá kò mira. Ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọmọ mi, kí n tó tú okùn ẹran yìí, fi Ọlọ́hun búra: ṣé ayọ̀ nìyí?"