Wáyà Tí Mo Gé ní Jámánì

Wọn ò tíì pe ìrun àsùbáà tí mo fi jókòó sínú bọ́ọ̀sì Ìlọrin. Láti ibẹ̀ ni mo ti máa wọ ọkọ̀ Èkó, kí n tó wọ bàálù lọ sí Jámánì. Políì tó wà l'Ọ́fà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ iná, èmi sì ni iléeṣẹ́ ìwádìí kan ní Jámánì máa kọ́kọ́ pè láti ẹ̀ka wa wá ṣiṣẹ́ wáyà, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí mo bá ṣe dáadáa, wọ́n á pe ẹlòmíràn. Dírẹ́bà ṣì ń yí ìlú ká, ó ń wá èrò, nígbà tí mo rántí pé awò ojú mi wà nílé. Láìsí awò, mi ò lè jó wáyà pọ̀. Mo pe ọkọ mi, Bàbá Rọ́fíà. Kò tilẹ̀ tẹ̀lé ọkọ̀ wa rárá. Ó gbé ọ̀kadà, ó gba àárín ìlú já tààrà. Nígbà tí a máa dé Ìjàgbó, ó ti pa ọ̀kadà rẹ̀, ó jókòó, ó mú awò náà lọ́wọ́, ó ń dúró dè wá.

"Ìyá Rọ́fíà, orí rẹ ńkọ́, ṣé o ò gbàgbé ìyẹn náà?"

Ọ̀nà Jámánì kò ní kòtò kankan. Ṣùgbọ́n ife tíì kan, yúrò mẹ́ta! Owó yẹn á ra búrẹ́dì ńlá méjì l'Ọ́fà. Bí ẹ bá ń kí wọn, tí ẹ fẹ́ béèrè ilé, béèrè ọmọ, wọ́n ti lọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ràn jù ni "gẹnáò", ìyẹn ni "bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́".

Ẹ̀rọ tí mo lọ bá jẹ́ páìpù ńlá kan tó yípo bíi pápá eré sísá. Àwọn ẹ̀yà kínkínní tí ojú ò lè rí ló ń sáré yípo nínú rẹ̀, àwọn kan a sì máa yà kúrò lójú ọ̀nà. Irin pẹlẹbẹ kan wà tó ń mọ̀ bí wọ́n bá ti yà. Ìròyìn rẹ̀ kéré gan-an, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fi ampilifáyà gbé e sókè. Wáyà á gbé e gba àárín já sí òdì kejì, níbi tí irin mìíràn á ti gbá àwọn tó yà padà sójú ọ̀nà bí wọ́n bá ti ń yípo débẹ̀. Kíkó wọn jọ báyìí ni wọ́n ń pè ní mímú wọn tutù, ṣùgbọ́n mi ò rí yìnyín kankan. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Dítà, bàbá àgbàlagbà tó jẹ́ ọ̀gá mi, ṣàlàyé rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Bàbá Rọ́fíà nìyẹn!

Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n ní kí n pààrọ̀ orí wáyà náà. Mo rí i pé wọ́n ká púpọ̀ nínú rẹ̀ jọ sẹ́yìn àpótí tí wáyà náà wọ̀. L'Ọ́fà, jákujàku la ń pe ẹni tó bá fi wáyà sílẹ̀ báyẹn. Mo gé e kúrú, ó mọ́ lójú, inú mi dùn.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, dípò kí àwọn ẹ̀yà náà kóra jọ, ńṣe ni wọ́n ń tú ká. Wọ́n wá ìdí rẹ̀ títí. Ánà, obìnrin tó ń bójú tó ampilifáyà, ni gbogbo wọn wá ń wò bíi pé òun ló ṣẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Bàbá Rọ́fíà tètè dé Ìjàgbó, ó sì dúró. Iná kì í dúró. Wáyà tí mo gé ti kúrú, ìròyìn ń dé ṣáájú àwọn tó yà, ẹni tí kò ṣẹ̀ ni irin náà ń gbá. Mo tún wo Ánà. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè má pe ẹnikẹ́ni láti Ọ̀fà mọ́. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní parọ́.

"Èmi ni mo gé wáyà yẹn, sà. Mo rò pé ó ṣẹ́kù ni."

Dítà béèrè bí èyí tí mo gé ṣe gùn tó. Mo fà á yọ nínú báàgì mi. Bàbà ni, ta ní máa jù ú nù? A wọ̀n ọ́n, mo wọ awò mi, mo ṣe wáyà tuntun tó gùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tó máa di ọ̀sán, àwọn ẹ̀yà náà ti kóra jọ. Ánà ra tíì fún mi.

Lẹ́tà tí Dítà fi rán mi sílé ń béèrè ẹni tí wọ́n máa rán tẹ̀lé mi. Ohun tí ìrìn àjò yẹn kọ́ mi ni pé kí n béèrè kí n tó gé. Nígbà tí mo sọ̀ l'Ọ́fà, Bàbá Rọ́fíà ti jókòó lórí ọ̀kadà rẹ̀ ní gáréèjì láti ìgbà ìrun àsárì. Oòrùn ti ń wọ̀.

"Mo tètè dé ni," ó ní. "Ṣé ó burú?"

Omi lé sójú mi. Mo ní kò burú rárá, èèyàn kì í ṣe iná.