Ohun Tí Wọn Ò Wé Fún Mi

Òórùn àdí àgbọn kì í kúrò lọ́wọ́ mi nígbà yẹn, bí mo tiẹ̀ fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́. Irun dídì ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí a háyà ní Èbúté Mẹ́ta, níbi tí a ti ń gbọ́ fèrè rélùwéè. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ̀ bí a ṣe ń ṣe é: tí mo bá dirí fún ènìyàn tán, màá ṣa gbogbo irun tó já sí ìdí àpótí, màá ká a jọ bí òwú, màá fi lé ẹni tó lorí lọ́wọ́. Ìyá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní ohun tó bá já lára ènìyàn, ọwọ́ ẹni náà ló yẹ kó padà sí.

Àbíkẹ́yìn mi, ìyá ọmọ tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí, ló ṣàdéédéé bẹ̀rẹ̀ sí í họra. Kò sí èélá, kò sí ìléròrò, àmọ́ ó họ ọ́ títí ó fi mú òòyà mi, tó ń fi ha ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Gbogbo ilé ní ibà pọ́njú ni. Mo ra àgbo ní Òyìngbò, ó mu ún, ìtọ̀ rẹ̀ tún wá dúdú bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà obìnrin kan tí ọmọ mi jù lọ́jọ́ orí ló sọ ọ́ fún wa. Jẹjẹrẹ ni. Ó wà lójú ọ̀nà tóóró tí omi òróòro ń gbà jáde nínú ẹ̀dọ̀. Ọ̀nà yẹn ti dí, ni omi náà fi tàn sí gbogbo ara. Wọ́n á là á, wọ́n á gé e kúrò. Mo ń wo fáànù tó ń yí lókè, mo ń bẹ̀ ẹ́ kó má dúró, àfi bíi pé òun ló gbé ẹ̀mí ọmọ mi dání.

Dókítà wá ní tí ọmọ mi bá gbà, àwọn fẹ́ mú díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n bá gé ránṣẹ́ sókè òkun, sọ́dọ̀ àwọn tó ń wá abẹ́rẹ́ àjẹsára fún irú jẹjẹrẹ yẹn.

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹran ara ọmọ mi ṣe?"

"Màmá, wọ́n fẹ́ mọ ojú olè tó ń jẹ́ jẹjẹrẹ yẹn dáadáa ni. Tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, wọ́n á pa àrokò, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gbé e wọ ara aláìsàn. Ara á ka àrokò yẹn, á mọ ẹni tó yẹ kóun bá jà. Tí ara bá kà á tán, àrokò náà á sì yọ́ dànù."

"Ṣé ó máa wo tèmi yìí sàn?"

Kò purọ́ fún mi. "Rárá, mà. Wọ́n ṣì ń wá a ni. A ò tíì mọ̀ bóyá ó máa ṣiṣẹ́."

Èmi tí mi ò jẹ́ kí irun onírun sùn lọ́dọ̀ mi rí! Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá gé e tán, ẹ wé e fún mi. Màá lọ rì í mọ́lẹ̀ nílé."

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ̀yin mà ni o! Màmá, ṣé ṣùkú lẹ dì fún mi ni?" Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. "Èyí, mi ò fẹ́ ẹ padà. Ẹ jẹ́ kó máa lọ." Ó kọjú sí dókítà, ó ní òun gbà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń di wajawaja etí ìborùn mi, mo ń tú u, mo tún ń dì í. Nígbà tí dókítà jáde, tó ní ọmọ mi ń mí, ọwọ́ dókítà náà ni mo kọ́kọ́ wò. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ọmọ mi wà láàyè. Àmọ́ ẹ̀rù ò tíì kúrò lára mi. Tó bá kúnlẹ̀ kí mi, màá gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè bí ẹni fẹ́ yarun fún un, ẹyinjú rẹ̀ ni màá wò kí n tó dáhùn. Mo ṣì ń dá irun padà fún ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé díẹ̀ lára ọmọ mi wà ní ìlú òtútù kan, lọ́wọ́ àwọn tí mi ò lè kí. Mo ti fi í sílẹ̀ fún wọn, nítorí ìyá kan tí mi ò mọ̀, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbòmíràn, tó ń di etí ìborùn tirẹ̀.