Àgbo tí Mo Ń Dà Nù

Ọmọ mi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ parọ́ fún ìyá ọkọ mi. Irọ́ náà kò gùn. Wọ́n bi mí pé, "Ìyàwó, ṣé o ti rọ ọmọ lágbo?" Mo ní, "Mo ti rọ ọ́, mà." Ọmọ wà lẹ́yìn mi, ó ń sùn. Ẹ̀kán àgbo kan kò kan ètè rẹ̀.

Abúlé oníkòkó kan lẹ́yìn Iléṣà ni wọ́n ti wá bá wa ní Òkè-Baálẹ̀, láti wá bá mi tọ́jú ọmọ. Wọ́n fi oko sílẹ̀ nígbà tí kòkó ń pọ́n lọ́wọ́, wọ́n wọ mọ́tò wá sí Òṣogbo pẹ̀lú àpò ìrẹsì kan tó kún fún ewé àti èèpo igi. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Àwọn ló ń fi omi gbígbóná tẹ ikùn mi, àwọn ló ń fọ aṣọ ìgbẹ́ ọmọ, wọn kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìgbálẹ̀. Tí wọ́n bá ń wẹ ọmọ, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun wọn, wọ́n á máa fa apá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa kì í. Ọmọ tó ń ké lọ́wọ́ mi á dákẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wò wọ́n. Inú mi á dùn, inú mi á sì tún bàjẹ́ díẹ̀.

Àgbo nìkan ló wà láàárín wa.

Ní ilé ìwòsàn tí mo bí ọmọ sí, kí wọ́n tó jẹ́ ká máa lọ, nọ́ọ̀sì kan kó gbogbo àwa ìyá ọlọ́mọ tuntun jọ. Ó ní oṣù mẹ́fà gbáko, ọmú nìkan. Kò sí omi, kò sí gúlúkóòsì, kò sí àgbo. Ó ní omi tí ọmọ nílò wà nínú ọmú. Ó ní ká tún un sọ, a sì tún un sọ bí ọmọ ilé-ìwé. Èmi kò kàwé púpọ̀, ọdún kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti kúrò. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá kọ́ mi kì í tètè kúrò lórí mi. Mo mú un dání délé.

Mo sọ ọ́ fún ìyá ọkọ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́jọ́ kejì tí wọ́n dé. Mo wo ilẹ̀, mo ní, "Àwọn nọ́ọ̀sì ní ká má tíì fún un lómi, mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń jẹun tí kì í mu omi? Ìwọ tó o jẹ iyán lánàá, ṣé o kò mu omi lé e?"

"Mo mu omi, mà."

"Ọmọ yìí ńkọ́? Ṣé òkúta ni?"

Láti kékeré ni ojú ti ń tì mí. Tí èèyàn bá bi mí ní nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, n kò ní lè dáhùn mọ́. Ìyá ọkọ mi bí ọmọ méje, gbogbo wọn ló mu àgbo, ọ̀kan nínú wọn ló fẹ́ mi. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Àwọn oníbàárà mi gan-an kò fẹnu kò lórí ẹ̀. Irun ni mò ń dì níwájú ilé wa, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì fún ẹnì kan tàbí méjì lójúmọ́ nígbà náà. Tí obìnrin bá ti jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi tó rí ọmọ lórí ẹní, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

"Ọmú nìkan? Àwa tí wọ́n rọ lágbo, ṣé a kú?" Ìyá kan tó ń ta òkìrìkà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó ń dúró kó kàn án, ìyàwó òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Dàda Estate, dá a lóhùn pé, "Ẹ kò kú, ṣùgbọ́n ẹ wo orí yín nínú dígí."

"Kí ló ṣe orí mi?"

"Ẹ bi onídìrí. Òun ni orí yín wà lọ́wọ́ ẹ̀."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ń fa òwú, n kò dá sí i. Tí wọ́n bá ti lọ, màá gbé ọmọ, màá máa wo ojú rẹ̀, bí ẹni pé òun ló máa sọ ẹni tó jàre.

Nígbà tí ọmọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n ní ó ti tó àkókò kó bẹ̀rẹ̀ àgbo, mo sì wá ọgbọ́n kan. Ọgbọ́n ojo ni. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ní ká máa rọ ọmọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á gbé ọmọ sórí itan, wọ́n á ká àtẹ́lẹwọ́ sí i lẹ́nu bí igbá kékeré, wọ́n á da àgbo sínú àtẹ́lẹwọ́ náà, wọ́n á sì di í nímú díẹ̀ kó lè gbé e mì. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí èmi fúnra mi máa ṣe é, kí ọwọ́ mi lè mọ̀ ọ́n. Inú wọn dùn. Wọ́n ní ìyàwó àwọn fẹ́ kọ́ nǹkan. Màá gbé ọmọ àti ife lọ sẹ́yìn ilé, màá da àgbo sí gọ́tà, màá ṣan ife, màá fi etí aṣọ nu ẹnu ọmọ bí ẹni pé ó ti mu, màá padà wọlé.

"Ṣé ó mu ún?"

"Ó mu ún, mà."

"O káre, ọkọ mi." Ọmọ ni wọ́n ń kí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe é. Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́sàn-án náà, tí mo bá gbọ́ ìró bàtà lẹ́yìn ilé, màá sáré ṣan ife.

Ọjọ́ kẹwàá bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Ọmọ ti ń yàgbẹ́ olómi láti àná, mo sì ń sọ fún ara mi pé kò sí nǹkan kan. Nígbà tí mo jáde nínú balùwẹ̀ láàárọ̀, mo bá a tó ti bì sára aṣọ. Ikùn rẹ̀ le. Ojú rẹ̀ ti wọnú, àwùjẹ rẹ̀ jìn. Mo ki ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó rọra fi ètè kàn án, ó sì tún sùn lọ.

"Mo sọ fún ọ pé àgbo yẹn kò tó," ìyá ọkọ mi ní. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi. "Lọ bu èyí tó wà nísàlẹ̀ ìkòkò wá, èyí tó ki."

Mo dìde. Mo dé ìdí ìkòkò. Ọwọ́ mi wà lórí ọmọrí rẹ̀, n kò sì lè ṣí i. Mo padà wá, mo gbé ọmọ kúrò lórí itan wọn. N kò ṣe irú rẹ̀ rí.

"Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù, mà."

"Kó mu èyí ná."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà." Mo ti ń wá bàtà mi.

Ọkọ mi ti gbé kẹ̀kẹ́ Márúwá tó fi ń ṣiṣẹ́ jáde lọ sí Òkè-Fìà. Mo pè é lórí fóònù, kò gbé e. Kẹ̀kẹ́ ẹlòmíì la wọ̀. Nínú kẹ̀kẹ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni mò ń rò. Bóyá ká ní mo ti fún un lágbo ni, ara rẹ̀ ì bá le. Bóyá èmi ni mo fẹ́ pa ọmọ mi. Ìyá ọkọ mi di ẹsẹ̀ ọmọ mú.

Nọ́ọ̀sì tó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ọmú yẹn náà la bá. Ó fa awọ ikùn ọmọ, awọ náà pẹ́ kó tó padà sípò.

"Kí ló ti wọ ẹnu ọmọ yìí yàtọ̀ sí ọmú?"

Mo fa aṣọ ọmọ bò ó níkùn.

"Ìyá ọmọ, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ má parọ́ fún mi o. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ ni dókítà máa fi mọ ohun tó máa ṣe."

Èjìká ìyá ọkọ mi kan tèmi. Tí mo bá ní ọmú nìkan, wọ́n á mọ̀ pé mo ti ń tàn wọ́n jẹ láti ọjọ́ yìí wá. Tí mo bá ní mo fún un lágbo, dókítà á fi irọ́ mi tọ́jú ọmọ mi. Nígbà tí ohùn mi jáde, ó dà bí ohùn ẹlòmíì.

"Ọmú nìkan ni, mà. Wọ́n ní kí n máa rọ ọ́ lágbo, ṣùgbọ́n n kò rọ ọ́ rí. Gọ́tà ni mò ń dà á sí."

N kò wo ẹ̀gbẹ́ mi. Mò ń retí ariwo. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sínú ìwé. "Ó dáa. Ọmú nìkan."

"Má kọ bẹ́ẹ̀." Ìyá ọkọ mi ló sọ̀rọ̀, ohùn wọn kò sì ròkè. "Pa á rẹ́. Mo fún un."

Mo yíjú sí wọn.

"Ó ti tó ọjọ́ márùn-ún tí mo ti mọ̀ pé ó ń dà á nù. Mo fi imú kan ẹnu ọmọ, n kò gbọ́ òórùn àgbo. Mo ní ìyàwó kékeré ni, ẹ̀rù ló ń bà á, n kò ní dójú tì í. Tó bá ti wọ balùwẹ̀ láàárọ̀, mo máa ń rọ ọmọ. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ lánàá, mo fi kún un. Tàárọ̀ yìí ló bì yẹn."

Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀. Ó wo èmi, ó wo wọ́n. "Orí ọmọ lẹ̀yin méjèèjì wá ń ṣe bojúbojú sí." Ó tún mú bírò. "Kí ló wà nínú àgbo náà, màmá? Ẹ kà á fún mi. Ẹ má fi ọ̀kan pamọ́."

Wọ́n kà á. Efinrin, èèpo igi méjì, ewé kan tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ará Òṣogbo, tí wọ́n fi ìka ya bó ṣe rí sórí tábìlì. Nọ́ọ̀sì kọ gbogbo rẹ̀, wọ́n sì gbé ọmọ wọlé. Láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ òótọ́ nìyẹn, òótọ́ náà ì bá sì ṣi dókítà lọ́nà.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi pé o kò fẹ́? Ṣé màá jẹ ọ́ ni?"

"Ojú ló ń tì mí, mà."

"Ojú ń tì ọ́ láti sọ fún mi. Ojú kò tì ọ́ láti tàn mí jẹ."

"Ẹ̀yin náà tàn mí jẹ, mà."

Ó ti jáde kí n tó mọ̀. Wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n tún un wé.

"Bẹ́ẹ̀ ni," wọ́n ní. Wọ́n tún ní, "Ọmọ méje ni mo fọwọ́ ara mi wò. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n ni."

Ọkọ mi, tí mo tún pè láti ọsibítù, sáré dé, kọ́kọ́rọ́ kẹ̀kẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí ló ṣe é? Kí lẹ fún un?"

Mo ní inú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, pé wọ́n ti ń fa omi sí i lára. Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa parí sí.

"Àgbo mi ni," ìyá rẹ̀ ní.

Ó wo ìyá rẹ̀ títí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

Ó kù díẹ̀ kí oòrùn wọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ẹkún kan tó ha láti inú yàrá. Nọ́ọ̀sì yọjú, ó ní ìyá ọmọ nìkan ni kó wọlé, kó wá fún un lọ́mú. Ọmọ mi di ọmú náà mú débi pé ó dùn mí. Mo sunkún sí i lórí. Nígbà tí mo gbójú sókè, ìyá ọkọ mi wà lẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, wọ́n ń wò wá. Wọn kò bẹ̀bẹ̀ pé káwọn wọlé.

A lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí a padà délé, wọ́n di ẹrù wọn. "Mò ń lọ ulé," wọ́n ní, bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pe ilé. "Kòkó ń jẹrà." Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró. Mo bẹ̀ wọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n apá kan nínú mi ń fẹ́ kí wọ́n lọ, mo sì rò pé wọ́n mọ̀.

Ọmọ ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí. Ó ń mu ògì, ó ń rákò kiri láàárín òwú irun mi. Wọ́n ti wá wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Tí wọ́n bá dé, wọ́n á na ọwọ́ sí i, wọ́n á tún fà á sẹ́yìn, wọ́n á wo ojú mi.

"Ṣé kí n gbé e?"

"Ẹ gbé e, mà."

"Ṣé ó lè mu omi?"

"Ó lè mu ún, mà."

Kò sí ìyá àgbà mìíràn ládùúgbò wa tó ń gba àṣẹ kó tó gbé ọmọ ọmọ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe nígbà náà nìyẹn, kí wọ́n kọ́kọ́ bi mí. Ní báyìí, tí wọ́n bá ti bi mí, n kì í mọ ibi tí màá gbójú sí. Nígbà tí wọ́n wá kẹ́yìn, mo ti pinnu pé màá sọ fún wọn kí wọ́n má bi mí mọ́, pé ọmọ wọn ni. Wọ́n na ọwọ́. Wọ́n fà á sẹ́yìn. "Ṣé kí n gbé e?" Mo wo ilẹ̀.

"Ẹ gbé e, mà," ni mo sọ.