Àwọn Káàdì Tí Mo Kó Dà Sí Kòtò

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí inú kòtò ìdalẹ̀nù ilé ìwòsàn ṣe ń rùn, ẹ má wulẹ̀ lọ wò ó. Èmi ni kẹ́ ẹ bi. Mo wọ inú rẹ̀ ti táì-ti táì, nítorí àsáínmẹ́ǹtì.

Ìgbà tí àwa Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni. Àkúrẹ́ ni gbogbo lẹ́tà wa ti ń bọ̀, ó sì máa ń pẹ́ débi pé tí wọ́n bá pe èèyàn sí ìpàdé, ìpàdé á ti tú kí lẹ́tà tó dé. Ilé ìwòsàn kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lójú ọ̀nà tó ti Àrámọ̀kọ lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó sẹ́yìn fèrèsé kan, kí n bi aláìsàn pé kí lorúkọ rẹ̀, kí n wá káàdì rẹ̀ lórí pẹpẹ, kí n gbé e fún nọ́ọ̀sì. Ilé ìwé Mọ́dà ni mo lọ, èyí tí kò tó girama. Ọdún tó yẹ kí n fi parí rẹ̀, ẹsẹ̀ mi kan ló wà ní kíláàsì, ìkejì ti wà lóko bàbá mi. Ìwé tí mo mọ̀ ò pọ̀, ohùn tí mo fi ń kà á ló pọ̀.

Lẹ́tà kan wá dé tí kò pẹ́. Wọ́n ní kí gbogbo àwa tó ń tọ́jú káàdì wá kọ́ ẹ̀kọ́ nípa bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso ilé ìwòsàn. Ọjọ́ Sátidé la ó máa lọ, sí Ìjerò, nínú kíláàsì àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí wọ́n yá fún wa. Tábìlì ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n kó wa sí. Orúnkún mi ń kan àgbọ̀n mi. Olùkọ́ wa ti Àkúrẹ́ wá, ó ní ìwé kan lọ́wọ́ tó ti pọ́n bí ewé kókò gbígbẹ, ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń pè fún wa tí à ń kọ. Ó pè é pé ilé ìwòsàn olókè mẹ́fà gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ méjì tó ń gbé èèyàn ròkè, ọ̀kan fún aláìsàn, ọ̀kan fún oúnjẹ. Mo kọ ọ́, mo fa ìlà sí i nídìí. Ilé ìwòsàn tiwa, àga méjì ló wà ní ọ́fíìsì mi, ọ̀kan ṣoṣo ló ní ẹsẹ̀ mẹ́rin.

Ṣùgbọ́n mo ra táì. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta òkìríkà l'Ẹ́fọ̀n ni mo ti rà á, ó ní àmì ọbẹ̀ lára, mo bá rán bọ́tìnì bò ó.

Nígbà tó ku díẹ̀ ká parí, olùkọ́ fún wa ní iṣẹ́ tó kẹ́yìn. Ó ní ẹnì kan, káàdì kan. Kí kálukú padà síbi iṣẹ́ rẹ̀, kó to káàdì, kó yọ àwọn tó wà ní méjì-méjì àti àwọn tí kò wúlò, kó wá kọ ìròyìn lé e. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lọ́jọ́ Ajé, lòun máa bẹ̀rẹ̀ sí í kiri wò ó.

Mo bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ káàdì ọ̀hún ti wà níbẹ̀ kí n tó débẹ̀. Eku ti jẹ ẹ̀gbẹ́ àwọn kan, aáyán ti yé ẹyin sí àwọn kan lára. Mo ń tú wọn, mo ń kanrà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo dé orí àwọn tó bí mi nínú jù lọ. Orúkọ tí wọ́n kọ sára wọn kì í ṣe orúkọ téèyàn lè kọ sí fọ́ọ̀mù: Ìdílẹ̀kẹ̀. Akúrúyejó. Akọ̀wé. Eyínmẹ́nugún. Ọkọ-mi-kékeré, tí ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ ọdún mẹ́rin.

Mo rẹ́rìn-ín bí àwọn tó mọ̀wé ṣe ń rín in. Mo ní ará oko ló ń ba ètò ìjọba jẹ́. Mo ní kò sí ẹ̀dá tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń rí mi lára títí dòní rèé: mo mọ ohun tí orúkọ wọ̀nyẹn jẹ́. Kò sọ́mọ Èkìtì tí kò mọ̀ ọ́n. Ìyàwó tí wọ́n bá gbé wọlé kò gbọdọ̀ pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ọmọ náà ti ṣáájú rẹ̀ délé, ọkọ ló jẹ́ fún un. Kí ni yóò ṣe? Á wo ọmọ náà dáadáa, á fún un lórúkọ mìíràn tó bá a mu, ìyẹn lá sì máa pè é títí wọn ó fi darúgbó, títí kan ojú fèrèsé ilé ìwòsàn. Ìyàwó tèmi gan-an, Akọ̀wé ló ń pe àbúrò mi, bẹ́ẹ̀ àbúrò mi ò lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn kan náà ni mo gbọ́ tó ń sọ pé, "Akọ̀wé, ẹ wá gba uṣu yín o." Mo jẹ nínú iṣu ọ̀hún. Mo so táì. Mo lọ síbi iṣẹ́, mo mú káàdì Akọ̀wé, mo ní kò sí ẹ̀dá tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sọ pé ìwé ò yé mi. Èyí tó yé mi níbẹ̀ ló sọ mí di òmùgọ̀.

Páálí kan kún. Mo gbé e lọ sẹ́yìn ilé, níbi kòtò tí wọ́n ń da gbogbo ohun tí ilé ìwòsàn ò fẹ́ mọ́ sí. Bàbá kan ló ń tọ́jú kòtò náà, apá Ọ̀ṣun ló ti wá sọ́dọ̀ wa, ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ló máa ń dáná sun ohun tó bá wà níbẹ̀. Ó rí mi.

"Ọ̀gá ìwé, kí lẹ gbé dání?"

"Pàǹtí ni, bàbá."

"Pàǹtí tí wọ́n kọ orúkọ èèyàn sí lára?"

"Wọn kì í ṣe èèyàn."

Ó wò mí láti orí dé bàtà. Ó ní, "Ó dáa. Ohun gbogbo ni mò ń sun. Èèyàn nìkan ni n kì í sun."

Mo da páálí náà sínú kòtò. Nígbà tí mo padà dé ọ́fíìsì, pẹpẹ mi dán, gbogbo káàdì dúró gbọn-in bí ọmọ ilé ìwé tí ọ̀gá wọn ń bọ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń wò ó tí inú mi ń dùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, ìyàwó kékeré kan pọn ọmọbìnrin kan wọlé, ọmọ tó ti tó ọdún méje, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn ẹni tó pọ̀n ọ́n. Egbò wà lójúgun ọmọ náà, ẹsẹ̀ ti wú dé orúnkún, ara rẹ̀ gbóná débi pé láti ibi fèrèsé ni mo ti ń rí oòru lójú rẹ̀. Mo gbé bíárò.

"Kí lorúkọ ọmọ?"

"Eyínmẹ́nugún ni."

"Orúkọ gidi ni mò ń bi yín, aǹtí."

"Òun náà ni mo pè yẹn, bọ̀dá. Ẹ bá wa wo káàdì rẹ̀, ó wà níbí. Tẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó kọjá tá a gbé e wá, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fún un fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lọ́wọ́ wa. Ojú rẹ̀ wú, kò lè mí mọ́. Wọ́n fi bíárò pupa kọ ọ́ sínú káàdì, wọ́n ní abẹ́rẹ́ yẹn ò gbọdọ̀ kan ara rẹ̀ mọ́ láéláé."

Nọ́ọ̀sì gbọ́ bíárò pupa látinú yàrá, ó jáde. Ìyá àgbà kan ni, ẹni tí kì í sáré, ṣùgbọ́n ó sáré.

"Abẹ́rẹ́ wo ni?"

"N ò mọ̀ ọ́n, mà. Wọ́n ní ó wà nínú káàdì."

Nọ́ọ̀sì tó kọ ọ́ nígbà yẹn, wọ́n ti gbé e lọ sí apá Ọ̀wọ̀. Nọ́ọ̀sì tiwa gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó yọ ọwọ́ kíá. Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Abẹ́rẹ́ méjì ni mo ní tó lè bá egbò yìí jà. Ó lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú méjèèjì ló máa pa á. Dókítà ò ní dé títí di ọjọ́ Ajé, ẹsẹ̀ yìí ò sì lè dúró di ọ̀la. Ẹ gbé káàdì wá."

Mo wo pẹpẹ mi. Ó dán.

"Ẹ jọ̀ọ́, níbo ló wà?"

"Ó wà lẹ́yìn, mà."

"Ẹ̀yìn ibo?"

"Ẹ̀yìn ilé."

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn. Ohun tó sọ ni pé, "Alákòóso," ó sì padà wọlé lọ bá ọmọ.

Mo sáré lọ bá bàbá oníkòtò. Mo ní kó yá mi ní bàtà rọ́bà rẹ̀. Ó ní, "Ẹsẹ̀ alákòóso tóbi ju bàtà mi lọ. Àkàbà nìyẹn."

Ọjọ́ méjì ni wọ́n ti ń da nǹkan lé páálí mi lórí. Òwú tó mu ọyún yó. Báńdéèjì tó ti gan. Èébì ẹnì kan tó jẹ ẹ̀wà. Ohun tí wọ́n gbọ̀n dànù látinú garawa ní yàrá àwọn ọkùnrin, n kò ní dárúkọ rẹ̀ fún yín. Mo tẹ nǹkan kan tó rọ̀, ó dún. Eṣinṣin wọ̀ mí lẹ́nu, mo pa ẹnu dé, ó kù sínú. Nígbà tí mo wo ìsàlẹ̀, ìdin kan ń gun táì mi bọ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń lọ gba sàtífíkéètì.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì wá a. Ìdílẹ̀kẹ̀. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Akúrúyejó. Akọ̀wé. Mo ń pe orúkọ wọn sókè bí ẹni ń pe rẹ́jísítà, bàbá sì ń wò mí láti òkè, kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, mo rí Eyínmẹ́nugún. Omi kan tí kì í ṣe omi ti mu ún dé àárín, bíárò pupa ti tàn káàkiri, ṣùgbọ́n a ṣì lè kà á.

Bàbá ní, "Ẹ kúkú kó ìyókù náà sókè nígbà tẹ́ ẹ ti rùn tán."

Mo ti ń gun àkàbà pẹ̀lú ẹyọ káàdì yẹn. Mo ní, "Mò ń padà bọ̀ wá kó wọn."

Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ gba káàdì náà, ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kà á. Igò abẹ́rẹ́ méjì ló ti tò sórí tábìlì. Ó mú ọ̀kan níbẹ̀, ó gbé e padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti kọ́bọ́ọ̀dù náà. Ó ní, "Èyí ni ǹ bá fún un." Ó fa ìkejì, ó gún un. Ọmọ náà ké, igbe gidi. N ò gbọ́ orin tó dùn tó o rí.

Nọ́ọ̀sì wá bi ìyàwó kékeré pé kí lorúkọ àbísọ ọmọ, ká lè mọ̀ bóyá ó ní káàdì mìíràn. Obìnrin náà dojú kọ ilẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. N ò lè pè é. Ọkọ mi ni."

Nọ́ọ̀sì ní, "Alákòóso, ẹ ò ṣe bi ọmọ fúnra rẹ̀?"

Ẹ wò ó, gbogbo Sátidé tí mo fi jókòó n'Íjerò, ẹnì kankan ò pe ìyẹn fún mi kí n kọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ náà fi ọwọ́ dí imú. Ó pe orúkọ rẹ̀ ketekete, ó fi ti bàbá rẹ̀ kún un. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Bọ̀dá, ṣé ẹ yàgbẹ́ sára ni?"

Káàdì orúkọ yẹn wà lórí pẹpẹ mi, ó mọ́ tónítóní. Ìyá bàbá rẹ̀, tó lè pe orúkọ rẹ̀, ló gbé e wá lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe káàdì náà, ibà ni wọ́n kọ sí i, kò sí ọ̀rọ̀ pupa kankan níbẹ̀. Èyí tó mọ́ ni ì bá pa á. Mo so méjèèjì pọ̀, mo kọ orúkọ méjèèjì sí iwájú.

Ọjọ́ kejì ni Jímọ́ọ̀. Mo ti sọ pé mò ń padà lọ kó ìyókù, n ò lọ. Mo ti fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ti wọ aṣọ mìíràn, mo ń kọ ìròyìn mi. Bàbá wá dúró lójú fèrèsé.

"Ọ̀gá ìwé, ṣé kí n ṣáná sí i?"

N ò gbé orí sókè. Mo ní, "Ẹ ṣáná sí i."

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ sẹ́yìn ilé. Èéfín náà gba ojú fèrèsé wọlé, ó bà lé ìwé tí mò ń kọ.

Lọ́jọ́ Ajé, olùkọ́ dé. Ó fi ìka ra pẹpẹ, kò rí eruku, ó mi orí pé ó dáa. Ìgbà tó dé ibi káàdì alábàwọ́n yẹn ló fa imú sẹ́yìn.

"Kí lèyí?"

"Káàdì aláìsàn ni, sà."

"Orúkọ méjì fún ẹnì kan? Ìwé ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó sì ń rùn. Ẹ yọ ọ́ níbẹ̀."

Mo ní ó máa wà níbẹ̀, sà. Ó yọ máàkì díẹ̀ nítorí rẹ̀. Síbẹ̀, èmi ni mo gba ipò kìíní. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi nínú kíláàsì àwọn ọmọdé yẹn, mo dìde láti tẹrí ba, tábìlì há mọ́ mi nítan, ó bá mi dìde.

Kò pẹ́ sígbà náà ni obìnrin kan mú ọmọkùnrin kan wá, ọmọ kúkúrú kan tí ọwọ́ ń dùn ún.

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Akúrúyejó ni, bọ̀dá. Káàdì rẹ̀ wà níbí."

Mo dìde. Mo lọ sẹ́yìn pẹpẹ, mo dúró síbẹ̀, mò ń fi ọwọ́ kan káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá nǹkan. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó jáde.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣe káàdì mìíràn fún un."

Ó ní, "Háà, bọ̀dá. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ọwọ́ yín ni káàdì ń gbé, kó má baà sọ nù lọ́wọ́ wa."